LS 460, S550 àti 750Li: ẹ́ńjìnnì àti gíà ta ló dára jù?

Ọmọ_Òkè_Olúmọ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ ni mo fẹ́ rà, owó tí mo tù jọ sì lè gbé ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí: Lexus LS 460 ti ọdún 2008, Mercedes-Benz S550 ti 2009, tàbí BMW 750Li ti 2010. Alágbàtà tó ń ta BMW náà tẹnu mọ́ ọn pé gíà onípele mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, pé onípele méje péré ni ti Benz, àti pé ti Lexus kò tó nǹkan tí èèyàn ń mẹ́nu bà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ohun tó jọ ọ́, pé Benz ni baba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Èmi kì í ṣe mẹkáníkì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá iye ìpele gíà ló ń fi hàn pé ọkọ̀ kan ju òmíràn lọ, àti ohun tó ya ẹ́ńjìnnì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sí Èkó, nítorí náà kí ẹ fi súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kún ohun tí ẹ máa rò fún mi.

Túngíàṣe (London)

Àbúrò, iṣẹ́ gíà ọ́tò ni mo ń ṣe jẹun, ibi tí alágbàtà yẹn ti ń ṣì ọ́ lọ́nà ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. 750Li ti 2010 kò ní ìpele mẹ́jọ rárá, mẹ́fà ló ní. Láti ìgbà tí àwòṣe yẹn ti jáde ní 2008 títí wọ́n fi tún un ṣe ní 2012, gíà onípele mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ ZF ń ṣe ló wà nínú 750. 760Li onísìlíńdà méjìlá ló kọ́kọ́ gba onípele mẹ́jọ ti ZF ní 2009, lẹ́yìn àtúnṣe yẹn ló sì tó kan 750. Lexus tí ó ní kò tó nǹkan yẹn gan-an ló ní mẹ́jọ, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ìlú pẹ̀lú gíà ọ́tò onípele mẹ́jọ, láti ọdún 2006. Aisin, tó jẹ́ ọ̀kan nínú agbo ilé Toyota, ló ṣe é. Benz ní tirẹ̀ máa ń ṣe gíà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Stuttgart, onípele méje yẹn sì ti wà láti 2003. Bí ó bá jẹ́ pé kíka ìpele ni ọ̀rọ̀ wa, Lexus ló ṣáájú, BMW sì ló kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpele ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Bí àkàbà ṣe ga tó ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò kó tó ka igi ìdábùú rẹ̀. Bí o bá mú ìṣirò ìpele kìíní (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì máa yí kí ọ̀pá tó ń jáde láti inú gíà tó yí lẹ́ẹ̀kan), tí o fi ti ìpele òkè pátápátá pín in, ohun tí o máa rí ni bí gíà náà ṣe fẹ̀ tó láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra títí dé ìgbà tó bá ń sáré lọ geere lójú ọ̀nà márosẹ̀. ZF onípele mẹ́fà fún wa ní bíi 6.0. Onípele méje ti Benz náà fún wa ní 6.0. O rí i pé ìpele kan tí Benz fi ju BMW lọ kò fi ohunkóhun kún bí gíà náà ṣe fẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó mú àwọn ìpele àárín sún mọ́ ara wọn, kí ẹ́ńjìnnì má baà já bọ́ láti orí ìyípo gíga sí ìsàlẹ̀ nígbà tí gíà bá yí. Ti Aisin onípele mẹ́jọ jẹ́ bíi 6.7, ti ZF onípele mẹ́jọ jẹ́ bíi 7.0, ti onípele mẹ́sàn-án tí Benz gbé jáde ní 2013 sì dé 9.15. Ibi tí ìyàtọ̀ tòótọ́ wà nìyẹn. Bí gíà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìpele kìíní ṣe lè lágbára tó láti gbé ọkọ̀ tó wúwo, tí ìpele tó kẹ́yìn á sì tún jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́ ní 120 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tí epo á fi pẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Àwọn ìdìpọ̀ eyín irin tó ń yí yíká ara wọn ló wà nínú gíà ọ́tò, kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì kéékèèké inú rẹ̀ ló sì ń pinnu èyí tó máa dúró àti èyí tó máa yí. Márùn-ún ni àwọn ohun ìdìmú wọ̀nyí nínú ZF onípele mẹ́fà, márùn-ún náà ni wọ́n nínú onípele mẹ́jọ. Nínú onípele mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn ló máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Nínú onípele mẹ́jọ, méjì péré ni. Èyí tó bá ṣí sílẹ̀ ń pò ọ́ìlì lásán ni, agbára tó sì ń fi pò ó, inú epo bẹntiróòlù tí o fowó rà ló ti ń wá. Ọgbọ́n tó wà nínú gíà yẹn nìyí, kì í ṣe mẹ́jọ tí wọ́n ń pariwo.

Ká fi ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀: ZF, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1915 ní ìlú Friedrichshafen nípa ṣíṣe eyín irin fún ọkọ̀ òfuurufú Zeppelin, ló ń ta gíà fún BMW, Audi, Jaguar, Range Rover, Bentley àti Rolls-Royce. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà lórí 7 Series (ìdílé 750Li) àti A8 ti Audi, gíà kan náà ni wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ sínú kọ̀ǹpútà gíà náà ló mú kí ti ẹnì kan rọra yí bí ẹni pé kò yí, tí ti ẹlòmíràn sì ń ta bí ìgbà tí wọ́n tì í.

Ìyá_Lexus (Houston)

Túngíàṣe, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n gba Lexus lẹ́nu alágbàtà yẹn, nítorí kò mọ ìtàn.

Ní 1983, Eiji Toyoda, tó jẹ́ alága Toyota nígbà náà, bi àwọn èèyàn rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n lè ṣe ọkọ̀ tó máa borí èyí tó dára jù lọ láyé. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn ẹlẹ́rọ tó kọ́ ọ ni Ichiro Suzuki. LS 400, tó ṣáájú LS 460, jáde ní 1989 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) lítà mẹ́rin tó ní agbára ẹṣin 250, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 35,000 dọ́là níbí, owó tí kò lè ra S-Class (ìdílé S550) tàbí 7 Series onírú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn Jámánì ń fi sìlíńdà méjìlá figẹ̀ wọngẹ̀: BMW gbé tirẹ̀ jáde nínú 750i ní 1987, Benz sì fi lítà mẹ́fà dá a lóhùn nínú S-Class tuntun ní 1991. Ìdákẹ́jẹ́ ni Lexus fi jà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú ayé nígbà náà yóò rántí ìpolówó tí wọ́n to ife ṣáńpéènì jọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi táyà ọkọ̀ náà sáré lórí rólà, tí ife kankan kò ṣubú.

LS 460 tí àbúrò ń béèrè, lítà 4.6 ni, agbára ẹṣin 380, kò sì ní tọ́bò kankan (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì). Ibi tí mo fẹ́ kí ó fọkàn sí ni bí epo ṣe ń wọ inú rẹ̀. Nọ́sù méjì ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀kan ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, èkejì ń fọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà nìkan, kò sí epo tó ń fọ fáàfù yẹn mọ́, èéfín ọ́ìlì á wá máa lẹ̀ mọ́ ọn títí á fi dì bí ọ̀dà, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Nọ́sù kejì yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì Lexus dé ibẹ̀. Mọ́tò iná kékeré kan ló tún ń sún àkókò tí fáàfù afẹ́fẹ́ ń ṣí síwá sẹ́yìn, kì í ṣe agbára ọ́ìlì bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó sì lè ṣe é kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kódà nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́.

Mi ò ní bo àléébù rẹ̀. Ní oṣù Keje 2010, Toyota pe àwọn ọkọ̀ kan tó ní ẹ́ńjìnnì yìí padà nítorí sípíríǹgì fáàfù, nítorí náà kí ó fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ yẹn wádìí bóyá wọ́n ti ṣe tirẹ̀. Àwọn apá irin tó gbé táyà iwájú náà pọ̀, rọ́bà orí wọn máa ń ya, wọ́n sì wọ́n gan-an.

Bàbá_Munich (Ìkẹjà)

Ìyá_Lexus, ẹ kú ìtàn, mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ni èèyàn ń fi ọkọ̀ ńlá wá. Ẹ wo agbára ìfàyípo, èyí tí ara ń gbọ́ nígbà tí a bá tẹ ẹsẹ̀: 600 Newton-mita ni ti 750Li, ó sì ti pé láti ìyípo 1,750 péré láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti S550 jẹ́ 530, láti bíi 2,800. Ti Lexus kò pé 500, ó sì di bíi 4,100 kó tó dé òkè rẹ̀. Nígbà tí tírélà mẹ́ta bá tò sí iwájú rẹ lọ́nà Ṣágámù, tí àyè tí o ní kò ju ìwọ̀nba lọ, wàá mọ ìdí tí wọ́n fi so tọ́bò méjì mọ́ ọn. Lexus gbọ́dọ̀ ju gíà sílẹ̀ ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta kó tó lọ. BMW kàn máa lọ ni.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó la ọ̀nà. 745i ti 2001 ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé gíà ọ́tò onípele mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì V8 inú rẹ̀ sì ń fi bí fáàfù ṣe ń ṣí jìn tó díwọ̀n afẹ́fẹ́, dípò kó fi ìlẹ̀kùn kékeré dí i lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń ṣe lónìí, BMW ti Munich ti gbìyànjú rẹ̀.

Ọ̀gá_Ládípọ̀ (Èkó)

Bàbá_Munich, òótọ́ lẹ sọ nípa agbára, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé Èkó ni àbúrò ń lọ.

Nínú V8 tó wọ́pọ̀, àárín apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ ìta ni èéfín ń gbà jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì 750Li yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ N63, BMW yí i po. Wọ́n jẹ́ kí èéfín máa jáde sí àárín, wọ́n sì kó tọ́bò méjèèjì sínú àfonífojì yẹn. Ó mọ́gbọ́n dání, nítorí pé ọ̀nà tí èéfín ń rìn kúrú, tọ́bò tètè ń jí, ẹ́ńjìnnì náà kò sì gba àyè. Ṣùgbọ́n ohun tó gbóná jù lọ nínú ọkọ̀ ló wá wà láàárín gbùngbùn, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé e mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń tù ú. Bí ó bá dúró sí Ọ̀tẹ̀dọ̀lá fún wákàtí méjì ńkọ́? Àwọn rọ́bà ìdí fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò sínú sìlíńdà á gan, wọ́n á le, ọ́ìlì á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, bí awakọ̀ bá sì tún tẹná, èéfín aláwọ̀ búlúù á bo ẹni tó wà lẹ́yìn. Páìpù omi, rọ́bà ìdènà ọ́ìlì àti wáyà tó wà nítòsí náà á máa gbó kí ọjọ́ wọn tó pé. Kì í ṣe àhesọ mẹkáníkì lásán ni mo ń sọ. Ní òpin 2014, BMW fúnra rẹ̀ ṣètò àkànṣe àyẹ̀wò fún àwọn tó ní N63 ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wo ṣéènì táímìn (èyí tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò), nọ́sù àti bátìrì, wọ́n sì dín àkókò pípààrọ̀ ọ́ìlì kù láti 15,000 máìlì sí 10,000. Irú ti 2010 yìí gan-an wà lára wọn. Èyí tí wọ́n tún ṣe láti 2012 sàn jù ú lọ.

Benz náà padà kó tọ́bò sí àárín nínú V8 lítà mẹ́rin tó gbé jáde ní 2014, Audi ti ṣe é ní 2012, nítorí náà ẹ̀kọ́ yẹn wúlò fún gbogbo wọn. Ohun tí àwọn tó tẹ̀lé BMW rí jẹ lára rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ fara gbá ooru náà fún wọn.

Ó ku S550 ti 2009. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 5.5, kò ní tọ́bò, ẹnu ọ̀nà fáàfù ni nọ́sù rẹ̀ ń fọ́n epo sí, torí náà ọ̀rọ̀ ọ̀dà tí Ìyá_Lexus sọ kò kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àbúrò pé gbogbo ọkọ̀ Jámánì ló ní ìṣòro yẹn, kó má gbà. Àwọn irú ẹ́ńjìnnì yìí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ṣáájú 2007, ní eyín irin kékeré kan tí ṣéènì táímìn ń gba orí rẹ̀ kọjá, tó tètè ń jẹ. Ti 2009 ti kọjá ìyẹn. Gíà rẹ̀ ni kó wò. Nínú gíà onípele méje ti Benz, kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà tó ń ka ìyípo wà nínú gíà náà gan-an, inú ọ́ìlì gbígbóná ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà yẹn bá kú, gíà á di ìpele kan mú, kò ní yí mọ́ títí wọ́n á fi pa ọkọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, oníbàárà á ní kí n bá òun wá tọ́kúnbọ̀ rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún un pé kó fi owó rẹ̀ sápò. Kọ̀ǹpútà náà, tó wà pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà yẹn, wà lára àwọn tí Benz dè mọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo nítorí olè; bí wọ́n bá yọ ọ́ lára ọkọ̀ kan, ọkọ̀ mìíràn kò ní gbà á títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi fi kọ̀ǹpútà tún un kọ. Àwọn tó lè ṣe é wà ní Èkó, ṣùgbọ́n kí àbúrò béèrè wọn ní Abẹ́òkúta kó tó sanwó ọkọ̀.

Ọmọ_Òkè_Olúmọ (Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti pe alágbàtà náà, mo ní kó ka ìpele gíà ọkọ̀ rẹ̀ fún mi lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ní òun máa pè mí padà. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù. Mẹkáníkì àdúgbò wa ní a kì í pààrọ̀ ọ́ìlì gíà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, pé títí ayé ni ó wà fún, pé bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án ni gíà ń bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Èkejì, ẹnì kan tún fi Audi A8 lọ̀ mí, ti 2009. Ibo ni ó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí?

Túngíàṣe (London)

Ọ̀rọ̀ títí ayé yẹn, àwọn tó ń ta ọkọ̀ ló mú un wá, kì í ṣe àwọn tó ṣe gíà. ZF fúnra rẹ̀ ní kí á pààrọ̀ ọ́ìlì láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí ní ọdún mẹ́jọ, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ọkọ̀ tí o fẹ́ rà ti kọjá méjèèjì, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé mítà orí rẹ̀ ṣì ń sọ òótọ́.

Ìdí tí àwọn mẹkáníkì kan fi ń sọ pé gíà ń bàjẹ́ bí a bá fọwọ́ kàn án ni pé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án kò dára. Kò sí ọ̀pá tí a ń fà yọ wo ìwọ̀n ọ́ìlì lára àwọn gíà yìí. ZF onípele mẹ́fà ní ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. A máa ń fi ọ́ìlì sí i láti ibẹ̀, a ó tan ọkọ̀, a ó máa gbé gíà láti ìpele kan sí òmíràn, a ó sì máa fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò wo bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Nígbà tó bá dé bíi 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ́ìlì sì ń kán díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ihò náà, ó ti pé nìyẹn, kí á dí i. Ẹni tó bá wò ó nígbà tí ọkọ̀ kú sílẹ̀, tàbí nígbà tí ọ́ìlì ti gbóná rékọjá, yóò fi èyí tó dín sílẹ̀ fún ọ láìmọ̀, kílọ́ọ̀ṣì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Páànù ìsàlẹ̀ rẹ̀, pílásítíìkì ni, asẹ́ ọ́ìlì sì wà nínú páànù náà, wọn kò ṣe é yà, nítorí náà odindi páànù la máa ń pààrọ̀. Ti Benz jẹ́ irin, asẹ́ rẹ̀ sì dá dúró.

Bí wọ́n bá ti sọ páànù kalẹ̀, kí o wà níbẹ̀. Máginẹ́ẹ̀tì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó rọ̀ bí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lọ̀ kò burú, gbogbo gíà ló ń ní in. Bí o bá rí ìfọ́ irin tó ń dán, tí ìka rẹ lè gbé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, eyín irin kan ti ń fọ́ nínú nìyẹn. Bí ọ́ìlì tó yẹ kó pọ́n bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì ti jó, ọ́ìlì tuntun kò sì ní ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n ń pè ní WS ni Toyota ní kí á lò fún Lexus. S550 ti 2009 ń lo ọ́ìlì pupa tí nọ́ńbà rẹ̀ ní ìwé Benz jẹ́ 236.14, èyí tó jẹ́ búlúù, 236.15, àtúnṣe gíà onípele méje tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọ́ìlì gíà kan ṣoṣo ló ń lọ sínú gbogbo ọkọ̀, má ṣe jẹ́ kó sùn sábẹ́ tìrẹ.

Akọ̀wé_Ọkọ̀ (Ìbàdàn)

Mo lè gba ti Audi. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe egungun A8 láti 1994 títí dé irú ti 2009 yìí, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fa ọkọ̀, ẹ̀kọ́ tí Audi ti ń kọ́ láti ìgbà tí ó gbé quattro jáde ní 1980. Nínú A8 4.2 ti 2009, ZF onípele mẹ́fà ló wà, bíi ti BMW yẹn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló jẹ́ kí n máa lọ́ra: inú sìlíńdà nìkan ni V8 rẹ̀ ń fọ́n epo sí, ọ̀dà á dì mọ́ fáàfù, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti pàdé gíà, ni ṣéènì táímìn rẹ̀ sì wà. Bí ṣéènì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde kí ọwọ́ tó lè tó o. Ní Gate níbí, ẹ máa rí ẹni tó ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ máa rí ọkọ̀ yín lórí búlọ́ọ̀kù fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí àwọn mìíràn tó ń kà á: bí owó yín bá tó èyí tó tuntun, àwòrán náà ti yí padà. Benz pa onísìlíńdà mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ tì ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún tó kọjá, ó mú V6; ní 2017 ó padà sí i nínú S-Class, pẹ̀lú iná 48 fóòlítì àti mọ́tò iná kan láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà tó ń ṣe iṣẹ́ sítátà àti ọ́lítánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì) pa pọ̀, débi pé kò sí fáànù-bẹ́ẹ̀tì kankan mọ́ níwájú ẹ́ńjìnnì náà. BMW kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ rí. LS 500 ti pa V8 tì ní tirẹ̀, V6 onítọ́bò méjì ló gbé, ó sì so gíà Aisin onípele mẹ́wàá mọ́ ọn, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.2 nínú ìṣirò tí Túngíàṣe ṣe fún wa. Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Rolls-Royce Wraith, ní 2013: ZF onípele mẹ́jọ kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ sátẹ́láìtì, tí gíà fi mọ̀ pé kọ́nà tàbí òkè wà níwájú, tí ó sì ti mú ìpele tó yẹ kí ọkọ̀ tó débẹ̀.

Bàbá_Munich (Ìkẹjà)

Akọ̀wé, ẹ ò sọ pé nígbà tí Toyota fẹ́ jí Supra dìde ní 2019, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà ti BMW àti gíà ZF ni wọ́n lọ gbé. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá_Lexus.

Ìyá_Lexus (Houston)

Mo ti kà á, bàbá. Wọn kò gbé e sínú Lexus.

Ọmọ_Òkè_Olúmọ (Abẹ́òkúta)

Alágbàtà yẹn ti pè mí padà. Ìpele mẹ́fà ni o. Mo ti fi BMW náà sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ìpele, bí kò ṣe nítorí ooru tí Ọ̀gá_Ládípọ̀ ṣàlàyé. Mo ń lọ wo LS 460 náà ní Sátidé. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, Benz ló kàn. Kí ni kí n ṣe nígbà tí mo bá débẹ̀?

Ọ̀gá_Ládípọ̀ (Èkó)

Ní kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà kí o tó dé. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́. Gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tan án. Wà á fúnra rẹ títí yóò fi gbóná dáadáa, kí o sì rọra tẹ̀ ẹ́ láti ìdúró, kó máa yí gíà fúnra rẹ̀ láti ìpele kìíní lọ sí ìkẹrin. Ibẹ̀ ni gíà tó ti rẹ̀ ti máa ń ta, kì í ṣe nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Gba orí gegele kọjá díẹ̀díẹ̀, kí o pa rédíò; bí apá iwájú bá ń lu kù-kù, yọ owó rọ́bà wọn kúrò nínú owó tí o máa san. Mú ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò dání, kó ka ìrántí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti ti gíà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣófo, tí kò sí àṣìṣe kékeré kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó ti lo ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Kí o wà á fún wákàtí kan sí i, kí ẹ tún un kà, kí o tó mú owó jáde.